Ehoro Jacob Nínú Àgò Làmídì

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kí onílé tó fura, ó ti jókòó sórí àpótí, ó ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń béèrè omi mímu. Kí Ọlọ́run Ọba má fi irú àlejò bẹ́ẹ̀ dán wa wò. Bí ó ti wọ ilé Làmídì nìyẹn, ní abúlé kan lẹ́bàá Lálùpọn, ní ọdún mélòó kan kí ogun Ìjàyè tó bẹ́ sílẹ̀.

Làmídì kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Àgbẹ̀ ni, ìrun kì í kọjá lórí rẹ̀, ìyàwó kan ṣoṣo ló sì fẹ́, kò wá èkejì. Mùsílímátù ni orúkọ tí àlùfáà fún ìyàwó náà nígbà tó wọ ilé ọkọ. Nígbà tó bí ọmọbìnrin kan, gbogbo agbo ilé ń pè é ní Ìyá Fàtímọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tó ti ń jẹ́ kí ó tó mọ Làmídì rárá, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: Àbíkẹ́. Ogun ti tú ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti kú, àwọn mìíràn ti di ẹrú níbi tí ojú kò tó, orúkọ ìlú náà gan-an kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Obìnrin náà ti gbàgbé pé òun ń jẹ́ Àbíkẹ́, títí di ọjọ́ tí Jacob dé.

Ọmọ ìlú kan náà ni Jacob. Ogun kan náà ló kó wọn. Wọ́n ta Jacob sí ọ̀nà òkun, àwọn òyìnbó gbà á lójú omi, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tó padà sílé tí kò bá ilé mọ́, ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Ní ọjọ́ kan lọ́jà, ó rí obìnrin kan nídìí igbá ẹ̀wà, ó wo ilà ojú rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá dúró sáàárín èrò, ó gbẹ́nu lé e:

"Àbíkẹ́, ọmọ a-gùn-òkè-má-mí,
Ọmọ ẹni tó gbin osè sí ẹnu bodè kí àlejò lè rí òjìji,
Ẹ̀yin lẹ fún ẹyẹ lóúnjẹ tán kí ẹ tó jẹ tiyín!"

Obìnrin náà jókòó sínú eruku, ó sunkún títí àwọn tó ń nájà fi rò pé olè ló jà á.

Làmídì gbọ́ ìtàn náà, òun náà ṣe Alihamudulilahi. Ta ni kò ní dúpẹ́ pé ìyàwó òun rí ará ilé? Àṣé ọpẹ́ ọjọ́ kan kò tó oúnjẹ ọdún. Nígbà tó yá, Jacob rí ehoro òyìnbó méjì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti Èkó bọ̀, akọ kan, abo kan, wọ́n funfun bí òwú tó là lóko. Yàrá kan ni Jacob ń gbé nílùú, kò ní àgbàlá, kò ní koríko, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n jẹ. Ó gbé wọn wá fún ọmọ ìlú rẹ̀ kó máa bá òun sìn wọ́n, ní àdásìn.

Bí a ti ń ṣe àdásìn ni pé, olówó ẹran ló ni ìyá ẹran, òun àti ẹni tó ń sìn ín ni yóò jọ pín ọmọ. Bí ẹran bá kú ikú Ọlọ́run, a ó fi òkú rẹ̀ han olówó, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ó bá kú ikú àìbìkítà, olówó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó èyí tó kù lọ. Kò sì sí baálé ilé náà, bó ti wù kó le tó, tó lè ní kí olówó ẹran má wá wo ẹran rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dójú rú. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ Jacob bá ti yọ, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé, "Àbíkẹ́ o!" Obìnrin náà, tó máa ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn láti inú ilé bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, yóò ti ẹ̀yìnkùlé jẹ́ "Òo!" bí ọmọdébìnrin tí wọ́n pè wá wo ẹyẹ.

"Bàbá Fàtímọ̀, ẹ kú ilé o. Àwọn elétí gbọọrọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀," ni Làmídì yóò sọ, kò ní gbójú kúrò lára ọkọ́ tó ń pọ́n. "Ẹni tó bá lójú á rí wọn."

Láàárọ̀, kí Làmídì tó kírun tán, aya rẹ̀ ti máa ń wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú agbọ̀n. Á já yúnyún lẹ́bàá ọ̀nà, á já ewé kúkúndùnkún lórí ebè, á já ewé ẹ̀pà díẹ̀. Bó bá já wọn tán, kò ní kó wọn fún ehoro. Á tẹ́ wọn sórí ẹní lábẹ́ igi agbálùmọ̀, á máa yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìrì á fi gbẹ, tí ewé á fi rọ. Bó ti ń yí wọn, á máa ki àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́:

"Elétí gbọọrọ tí í gbọ́ ìròyìn kó tó kúrò nílé oníròyìn,
Ajẹun-má-pariwo,
Ẹ̀yin lẹ jẹun lọ́wọ́ mi tí ẹ kò bú mi pé iyọ̀ kò tó."

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, Làmídì mọ ẹni tó ń bá wí.

"Ìyá Fàtímọ̀, àbí ewé náà ń yáná ni?"

"Bàbá Fàtímọ̀, omi ara ewé ni kò bá wọn lára mu. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrì, ikùn wọn á wú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí, kí a tó pín àwọn yòókù tà, ló kọ́ mi, lọ́wọ́ mi yìí ló kú sí."

"Èyí tí o fi ń ṣa yúnyún jọ, tí o ń fo lápálápá inú ọgbà, tí o ń fo ewé ẹ̀gẹ́, ṣé ọmọ ehoro náà ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Rárá o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló kọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n sí ìbàdí, ó wọlé lọ.

Ẹ̀rín yẹn wọ Làmídì lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Bó bá pe orúkọ Jacob, ì bá sàn. Èyí tó fi rẹ́rìn-ín tí kò pe orúkọ, kí ló ń fi pamọ́? Láti ọjọ́ náà, kò sí ewé kan tí wọ́n já lẹ́yìnkùlé tí kò rí ọwọ́ Jacob nínú rẹ̀. Wọ́n ń tẹ́ ẹní, Jacob ni. Ìrì ń gbẹ, Jacob ni.

Ó sọ ọ́ fún Ìyàndá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà. Ìyàndá kì í pa ẹnu mọ́, bó bá ń sùn gan-an, ń ṣe ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ pé ará Sàró tún yà sọ́dọ̀ yín lánàá," ni Ìyàndá wí.

"Ẹran rẹ̀ ló wá wò."

"Ẹran wo? Èyí tó wà nínú àgò, àbí èyí tó ń fún un lóúnjẹ?"

"Ìyàndá, ẹnu yìí ni yóò sin ọ́."

"Kó ṣáà má sin ọ́ ṣáájú mi. Lé e dànù, kó yé wa."

"Kí n lé ẹni tí ẹran rẹ̀ wà lágbàlá mi? Kí ni mo fẹ́ pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Kí n ní ó ń pe ìyàwó mi lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́?"

"Ìwọ náà pè é bẹ́ẹ̀ kẹ̀."

Làmídì ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe "Àbíkẹ́." Orúkọ náà rí lẹ́nu rẹ̀ bí aṣọ àyálò tó tóbi jù. Obìnrin náà yọjú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi Jacob dé ni?"

"Gbọ́," Ìyàndá ní, "oko ta ni wọ́n ti ń já ewé náà?"

"Tèmi."

"Àgbàlá ta ni àgò wà?"

"Tèmi ni."

"Ó tán. Ìwọ ni kó o máa bọ́ wọn. Bí ará Sàró bá dé, ìwọ ni yóò bá sọ̀rọ̀, ìwọ ni yóò kí pé o kú iṣẹ́. Ìyàwó rẹ á wà nídìí ààrò rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ́ ẹran lolówó ẹran ń kí."

Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ Làmídì. Kò ní í lọ́kàn láti pa ẹran tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rù Ọlọ́run ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn fẹ́ dúró sí àárín méjì náà, bí ògiri.

Ọjọ́ ọjà dé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo ewé ń kán tó tó tó. Ìyá Fàtímọ̀ pọn ọmọ, ó gbé ẹ̀wà rù, ó fi agbọ̀n kan sẹ́bàá àgò. Ewé àná ló wà nínú rẹ̀, ó ti rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bí oòrùn bá là, èyí nìkan ni kí ẹ fún wọn. Ó tó wọn títí n ó fi dé. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn Jacob ló gbọ́. Bí ẹsẹ̀ obìnrin náà ti kúrò nílé, Làmídì gbé agbọ̀n, ó wo inú rẹ̀. Ewé ti rọ bí ètè arúgbó! "Èyí ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ nílé mi?" Nílé bàbá rẹ̀, a kì í fún àlejò ní oúnjẹ tó mọ níwọ̀n. Èyí tí yóò ṣẹ́kù sínú àwo la máa ń gbé fún un, kí òun fúnra rẹ̀ lè sọ pé, "Ẹ ṣeun, mo yó." Ó da ewé rírọ̀ náà síwájú àwọn ewúrẹ́.

Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ pẹ̀lú àdá. Gbúre tó kún fọ́fọ́ fún omi òjò, ó já a. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ fi ń sọ ara wọn di olè lójoojúmọ́, ó gé e lápá méjì. Ó rò ó báyìí pé: ewúrẹ́ ń jẹ ẹ̀gẹ́, àgùntàn ń jẹ ẹ̀gẹ́, ẹran ilé sì ni ẹran ilé, ehoro tó bá ti gbé àgò ti kúrò ní ará ìgbẹ́, ó ti di ìbátan ewúrẹ́. Nítorí pé òun kì í ṣe onídọ̀tí, ó pọn omi, ó wẹ gbogbo ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń ṣe àlùwàlá, ó ní Bísímílà, ó kó wọn sínú àgò títí àwọn ehoro kò fi rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí.

Ẹran inú àgò kò ní ibi tó lè yà sí. Ohun tí a bá gbé fún un ni yóò jẹ. Wọ́n jẹ, etí wọn ń mì, omi ń kán lẹ́nu wọn. Làmídì fẹ̀yìn ti igi agbálùmọ̀, ó ń wò wọ́n, ó ń ki ara rẹ̀ ní oríkì ilé bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó gba ìlú láìta ọfà. Ó ti ń rí Jacob lójú inú rẹ̀: "Bàbá Fàtímọ̀, wọ́n mà sanra o! Kí lẹ fún wọn?" Òun á ní, "Ohun tí ọkùnrin ń fún àlejò ni."

Lẹ́yìn ìrun alásàrí ló tó padà síbẹ̀. Akọ ti dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ wú bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ó ń fi eyín rẹ́ eyín. Abo ká kò sí igun, kò gbéra nígbà tó fọwọ́ kàn án, ó sì ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń dún nínú rẹ̀. Kí Làmídì tó mọ ohun tí yóò ṣe, ó gbọ́ ẹ̀rín lójú ọ̀nà. Aya rẹ̀ ń bọ̀ láti ọjà, Jacob wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jacob ló sì ru igbá ẹ̀wà. Igbá tí Làmídì kò rù fún un rí! Ìbẹ̀rù àti owú pàdé nínú àyà rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbé mì.

Ìyá Fàtímọ̀ kò tíì sọ ọmọ kalẹ̀ kó tó rí àgò. Ó kúnlẹ̀, ó gbé abo lé itan.

"Bàbá Fàtímọ̀, kí ni wọ́n jẹ?"

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Bí òun bá dákẹ́ di ìgbà ìsùn, méjèèjì á ti kú, a ó ní ikú Ọlọ́run ni. Jacob á wo òkú, á gbọn ọwọ́, kò ní sí ẹran àdásìn mọ́, ọ̀nà tó wọ àgbàlá Làmídì á sì hu koríko. Gbogbo ohun tó ti ń tọrọ ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kó ti máa pa mọ́.

"Ohun tí o fi sílẹ̀ ni," ó wí.

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó, ó tún gbójú wálẹ̀. Ó kọjú sí Jacob. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máà bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ọjà ń pè mí, bóyá n kò jẹ́ kí ewé náà gbẹ tó. Ẹ máà bínú."

Ó ń bẹ Jacob. Lórí eékún, nínú àgbàlá ọkọ rẹ̀, nítorí ohun tí kò ṣe. Eléyìí kò ṣe é gbé mì. Làmídì yí ìbínú rẹ̀ padà sí ibi tó ti mọ́ ọn lára.

"Ṣe bí ìwọ Jacob lo mọ ewé, ìwọ lo kọ́ ọ. Sún mọ́bẹ̀ kó o wò ó sàn!"

Jacob la ẹnu sílẹ̀. "Èmi? Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun? Bàbá Fàtímọ̀, n kò mọ ewé tí ehoro ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ. Ẹni tó fún mi kò kọ́ mi, ó kàn ní kí n máa da ọkà fún wọn. Àbíkẹ́, ta ló kọ́ ọ gan-an?"

Obìnrin náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn ẹran náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kò wò wọ́n. "Bàbá Fàtímọ̀ ni."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ọdún tí ehoro ìgbẹ́ sọ oko ẹ̀wà di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí òkèlè tí ẹ gbé lọ́dún yẹn tí ẹ kò fi ẹjọ́ ehoro jẹ. 'Ó gé ọ̀mùnú ẹ̀wà mi, ó jẹ ewé ẹ̀pà, ó jẹ kúkúndùnkún, ó kó gbogbo yúnyún ẹ̀bá ọ̀nà jẹ. Ìgbà tó dé ìdí ẹ̀gẹ́ àti lápálápá, ó rọra yà bí ẹni tó rí àna rẹ̀!' Èmi ń yan ẹ̀pà, mo ń gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí fúnra yín ni n kò ṣe sọ."

Ẹ wo bí owú ti ń ṣe ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ti ń jowú láti ìgbà yìí. Làmídì wo ọwọ́ obìnrin náà lórí ikùn ẹran. Ó wo Jacob, tó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kí ó sọ ọ́ níwájú aya rẹ̀, ìyẹn rọrùn. Níwájú ẹni yìí ló ṣòro.

"Irọ́ ni mo pa," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì jáde tán. "Mo da ti inú agbọ̀n fún ewúrẹ́. Gbúre ni mo fún wọn, àti ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́. Ó pọ̀. Mo sì fi omi wẹ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ wẹ̀ ẹ́?" Jacob ní. "Kí ló dé, ṣé wọ́n fẹ́ kírun ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu Ìyá Fàtímọ̀, ó fi ètè há a mọ́. Làmídì rí i. Ó dùn ún ju bí wọn ì bá ti bú u lọ.

"Ẹ kó gbogbo ohun tútù kúrò níbẹ̀," obìnrin náà wí. "Koríko gbígbẹ tó wà lórí àká, òun ni kí ẹ bá mi mú wá. Kí abo yìí má sùn, kó máa rìn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé akọ, ẹ máa ra ikùn rẹ̀ bí mo ti ń ṣe yìí."

"Gbé e fún èmi," Làmídì ní kíá. Ó sáré gbé koríko wá, ó jókòó sílẹ̀, ó gba akọ sórí itan, Jacob kò sì rí ibi kan fọwọ́ kàn. Ó ra á, ó ra á, ó ń fi ọkàn tọrọ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá pé kó má gba ẹ̀mí ẹran nítorí ìwà ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ti ṣiṣẹ́. Kí màǹgàríbà tó dé, ọrùn akọ rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Abo yàgbẹ́ díẹ̀, ó tún yà sí i, ó fa koríko gbígbẹ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí rún un.

Wọ́n tẹ́ òkú akọ sórí ewé kókò. Jacob fọwọ́ pa á lórí, kò pariwo. "Bàbá Fàtímọ̀, ẹ̀yin náà mọ òfin àdásìn. Mo lè gbé èyí tó kù lọ. N kò mọ bí n ó ti máa bọ́ ọ nínú yàrá, àmọ́ n kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé Àbíkẹ́. Bí ẹ bá ní kí n gbé e, n ó gbé e."

Ìyá Fàtímọ̀ gbé abo mọ́ àyà, ó ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí Làmídì yóò sọ. "Gbé e." Àwọn ọjọ́ ọjà á máa kọjá, kò sí ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pe orúkọ náà mọ́. Ó wo aya rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, kò ní bá òun jà, á se oúnjẹ, á jẹ́ Ìyá Fàtímọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tẹ́tí sí ẹjọ́ òun kankan nídìí ẹ̀pà yíyan mọ́.

"Fi í sílẹ̀," ó wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mú akọ mìíràn wá bó o bá rí i. Ọmọ tí òun àti abo yìí bá kọ́kọ́ bí, gbogbo rẹ̀ ni tìrẹ, a kò ní pín in."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Fàtímọ̀. N ó máa wá wò ó."

"Mo mọ̀."

Jacob dìde. "Àbíkẹ́, ọmọ a-gùn-òkè-má-mí, ó dàárọ̀ o."

Obìnrin náà gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fẹ́ sìn ín dé ẹ̀yìn ilé. Làmídì ti wọ bàtà.

"Jókòó, ó ti rẹ̀ ọ́," ó wí. "Ìdí ehoro ni kó o wà. Èmi ni yóò sìn ín."

Ó sìn ín kọjá ẹ̀yìn ilé. Ó sìn ín kọjá oko Ìyàndá. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi "ẹ rọra, òkúta wà níbẹ̀," àfi "òjò yìí pọ̀ lọ́dún yìí." Wọ́n dé odò, níbi tí àlejò ti máa ń dágbére fún onílé.

"Bàbá Fàtímọ̀, ẹ kú àánú. Ẹ ti sìn mí jìnnà o, ẹ padà."

Làmídì ká ṣòkòtò rẹ̀ dé eékún, ó tẹ ẹsẹ̀ bọ omi ṣáájú rẹ̀.

"Kò tíì jìnnà tó," ó wí.